Wọ́n Ní Ilé Wa Ò Ní Ilẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, jókòó rẹ dáadáa. Bí ó bá sì bá ọ lórí ìrìn, wá ibì kan fẹ̀yìn tì kí o tó kà á. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kú o. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí pé bí èmi bá gba lẹ́tà tó gùn tó báyìí, ibẹ̀ ni ọkàn mi á kọ́kọ́ sáré lọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé yẹn ti ń ti ilẹ̀kùn àbáwọlé bí mo ṣe ní kí o máa rán wọn létí? Àdúrà wa lórí rẹ ni pé ibi tí o bá kọjú sí ní òwúrọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ ti ibẹ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láìfarapa. Kí ẹni tó ń wá ọ láti ṣe ọ́ lóore má ṣìnà, kí ẹni tó ń wá ọ fún ibi gbàgbé orúkọ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n ṣe àmín síbí, mo sì ti ṣe é.

Àwa náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ ṣáájú rédíò, ti òsì kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà. Òrùlé kò jò. Gbogbo aṣọ tí ìyá rẹ rán ni wọ́n ti wá gbà àfi ẹyọ kan, tí ẹni tó ni ín ti sanra kó tó dé, tó sì ń sọ pé ìyá rẹ ló dín aṣọ náà kù. Etí ìyá rẹ ọ̀tún ń fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti òsì ṣì mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí o gbé wá nígbà tí o wálé kẹ́yìn àti sípíkà rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì ní yàrá àlejò, mo fi aṣọ bò wọ́n nítorí eruku. Kọ̀ǹpútà náà máa ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá mo fẹ́ kí òun tún ara òun bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń tẹ rárá. N kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí tó fi fẹ́ tún ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí mi yìí, n kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ tí o ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń dé. Mo ń tẹ̀ lé ìwé tí o kọ fún mi, láti nọ́ńbà kìn-ín-ní dé ìkẹfà, n kò fo ọ̀kan rí. Ìyá rẹ kò gbádùn ti fóònù, ó ní ṣe ló dà bíi pé o wà nínú agolo, ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ bá ti ń ti inú sípíkà jáde, á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, á gbé àga sún mọ́ sípíkà ti òsì, á sì máa dá ọ lóhùn. Bí o bá ní ẹ káàsán, á ní káàsán, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun? Á sì bínú díẹ̀ pé o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn láìdáhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo ṣòfin náà. Mo rántí bí kásẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà yẹn ṣe máa ń gbó bí a bá ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, tí ohùn olórin á wá dà bíi ti ẹni tí oorun ń gbé lọ. N kò fẹ́ kí ohùn rẹ gbó.

Ọmọ mi, bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀rọ̀ rẹ ń jáde o, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń lọ ùùùn, bíi ti ẹni tó pa ẹnu dé tó ń kérora, láìdánu dúró, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà mìíràn á ta pà-pà-pà, á tún padà sí ùùùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìyá rẹ gbé etí sí i, ó tún sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó ní, Bàbá, àyà ọmọ yìí ti tún bẹ̀rẹ̀.

O kò lè rántí bó ṣe rí nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́. Àyà rẹ á máa súfèé bíi kẹ́tùlù tó fẹ́ hó, ìyá rẹ á gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ, á máa sọ fún mi bóyá ó ń pọ̀ sí i ni tàbí ó ń dínkù, èmi á sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí mo ti yí orí rẹ̀ sí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la gbé ọ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà ní bí a bá fi wákàtí kan pẹ́ sí i ni, òun kò mọ̀. Kò parí gbólóhùn yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a parí rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan. O ní, Bàbá, ara mi le, iná yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń ṣe iná. O rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́. Mo tún kíyè sí i pé bí ohùn rẹ bá tán, kíkùn náà kì í tán, mo sì sáré lọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ bí ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n ó ní bóyá o kò tíì pa ẹ̀rọ tìrẹ lọ́hùn-ún ni, bóyá ṣe ni o jókòó síbẹ̀ tí o ń mí. Mo wá mú ìwé kan, mo ń kọ ìgbà tó bá ń kùn púpọ̀ sínú rẹ̀. Ó ń pọ̀ bí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ó ń pọ̀ bí wẹ́dà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bá ń jó irin rẹ̀. Mo fi ìwé náà han ìyá rẹ. Ó ní, kí ló kan wẹ́dà nínú àyà ọmọ mi?

Mo ránṣẹ́ pe ẹni tó ń ṣe iná ní òpópónà wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀gá Wáyà nítorí pé wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbé etí sí sípíkà, ó ní, Bàbá, iná yín dọ̀tí.

Ojú tì mí. O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ ń gbálẹ̀ lójúmọ́. Mo mú àkísà gbígbẹ, mo nu wáyà náà láti ara ògiri títí dé ilé ìdáná, àkísà náà sì dúdú lóòótọ́, mo nà án sí i kó rí i. Ọ̀gá Wáyà ní, Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí mo ń wí kò sí lára wáyà, inú iná gan-an ló wà. Ó ní iná tó ń wọ ilé wa, a jọ ń lò ó ni, àwa àti wẹ́dà àti fíríìjì, gbogbo ìgbà tí wẹ́dà bá sì fi irin kan irin, ariwo rẹ̀ ń gba inú wáyà wọlé tọ̀ wá wá. Ó ní sípíkà kò mọ èyí tó jẹ́ ohùn ọmọ ènìyàn, ohunkóhun tó bá ti bá wáyà dé ló ń pariwo rẹ̀ síta. Ó ní kọ̀ǹpútà pàápàá ń tú ìdọ̀tí tirẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí tù mí nínú, mo sì yíjú sí ìyá rẹ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ń wo sípíkà.

Lẹ́yìn náà Ọ̀gá Wáyà kúnlẹ̀ nídìí ògiri, ó ki tẹ́sítà rẹ̀, irin kékeré tó fi ń dán iná wò, bọ ojú ihò iná, ó yẹ ọ̀kan wò, ó yẹ èkejì, ó dìde, ó mi orí. Ó ní, Háà, Bàbá, ilé yìí ò ní ilẹ̀.

Kí n tó la ẹnu, fóònù rẹ̀ dún. Iná ti bàjẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan, wọ́n ní kó máa bọ̀ kíákíá. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́bọ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn yẹn.

Ilé yìí ò ní ilẹ̀! Ilé tí mo kọ́ ṣáájú kí a tó bí ọ. Mo ṣí àpótí, mo yọ ìwé ilẹ̀ jáde, mo wo ìka bàbá mi tó fi tẹ̀ ẹ́, ó wà níbẹ̀. Mo wá ń rò ó, báwo ni irin kékeré inú ihò ògiri ṣe lè mọ̀? Nígbà tó yá ni ó yé mi. Mo ti ka inú ìwé ìròyìn pé ìjọba ń kó gbogbo nǹkan sínú kọ̀ǹpútà báyìí. Wọ́n ti so ìwé ilẹ̀ mọ́ wáyà iná nìyẹn, kí oníná lè rí i lójú ẹsẹ̀ bí ẹnì kan bá ń gbé orí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún yé mi ìdí tí ohùn rẹ fi ń kùn: ìkìlọ̀ ni. Ta ló sì lè ta ilẹ̀ náà mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí a jọ pín in?

Mo lọ bá bàbá rẹ kékeré, àbúrò mi. Ó ń kan ẹsẹ̀ àga kan. Mo ní kó gbé òòlù yẹn sílẹ̀, kó sọ fún mi ẹni tó ta ilẹ̀ mi fún. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí? Mo ní kó má fi oúnjẹ dá mi lóhùn, pé oníná ti rí i. Ó ní oníná rí kí ni? Mo ní ó rí i pé ilé mi ò ní ilẹ̀. Ó ní òun tí òun kò rí ẹni ra kẹ̀kẹ́ òun láti ọdún mẹ́ta, ta ni òun á rí tó máa ra ilẹ̀ tí ẹ̀yin àti ìyàwó yín àti ẹ̀rù yín jókòó lé? Ó ní bó bá ṣeé ṣe láti ta ẹ̀rù yín mọ́ ọn, òun ì bá ti dolówó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo sọ àwọn nǹkan tí n kò ní kọ síbí. Òun náà sọ tirẹ̀, ó ní òun á wá lọ́jọ́bọ̀, òun àti ìwé tòun, kí oníná náà wá sọ ọ́ lójú òun.

Ní gbogbo ọjọ́ méjèèjì yẹn, ìyá rẹ kò bá mi wo ìwé kankan. Ó ní, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ náà bí wọ́n bá fẹ́, Bàbá, ẹ ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ọmọ mi ń mí dáadáa.

Nígbà tí Ọ̀gá Wáyà dé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá irin gígùn kan lórí èjìká, àwa méjèèjì ló bá lẹ́nu ọ̀nà, èmi pẹ̀lú ìwé mi, àbúrò mi pẹ̀lú tirẹ̀ àti fìlà lórí. Ó rò pé òun ló jẹ̀bi nǹkan kan, ó ti ń bẹ̀ wá. Mo ní kó sọ fún wa, ta ló ni ilẹ̀ ilé yìí? Ó wò mí, ó wo ìwé, ó wo àbúrò mi. Ó ní, Ẹ̀yin kọ́ ni, Bàbá?

Ọmọ mi, ilẹ̀ tí àwọn oníná ń wí, wáyà kan ni, tó máa ń ti inú ilé lọ bá ọ̀pá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níta, kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ láìṣe ènìyàn léṣe. Òun ni ilé wa kò ní. Àbúrò mi fi ọwọ́ ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lójú oníná. Ó ní òun ti gbọ́, òun á rò ó wò títí di ọdún tó ń bọ̀. Onílẹ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ náà, ó sì ti kọ́ wẹ́dà.

Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n ri ọ̀pá náà sí, nítorí ibẹ̀ kì í gbẹ, ilẹ̀ tútù ni iná sì ń yára wọ̀. Nígbà tí Ọ̀gá Wáyà wọlé, ó rí i pé ara ògiri yàrá àlejò ni mo ti ki kọ̀ǹpútà bọ iná, tí wáyà gígùn kan sì ń gbé iná wá fún sípíkà láti ilé ìdáná, láti ojú ihò kan náà pẹ̀lú fíríìjì. Ó bi mí ẹni tó pín wọn níyà. Mo fi ìgboyà sọ pé èmi ni, ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, kí wọ́n má baà wúwo jù fún ojú ihò kan kí ilé sì jóná. Ó ní, Bàbá, àbọ̀ àìsàn náà nìyẹn. Ó ní kọ̀ǹpútà gbà pé ibì kan ni ilẹ̀ wà, sípíkà gbà pé ibòmíràn ni, wáyà ohùn tó so wọ́n pọ̀ ni wọ́n sì ń gbà bá ara wọn jiyàn, iyàn yẹn ló ń lọ ùùùn. Àbúrò mi ní bí ti òun àti ẹ̀gbọ́n òun gẹ́lẹ́. Ọ̀gá Wáyà kó kọ̀ǹpútà àti sípíkà sójú ihò kan. Sítébíláísà tí mo rà láti fi mú iná wọn dúró déédéé, ó ní kí n gbé e fún fíríìjì, pé sítébíláísà náà fúnra rẹ̀ ń kùn. Ó wá ní ó ku asẹ́ kan ṣoṣo. Ìyá rẹ dìde wọ ilé ìdáná, ó mú asẹ́ rẹ̀ wá, èyí tuntun. Ọ̀gá Wáyà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ẹ ṣé, Màmá, kò rẹ́rìn-ín, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì rọra yọ àpótí kékeré kan nínú àpò rẹ̀, tó jẹ́ asẹ́ ti iná, ó ní òun fi yá wa ná.

Mo bi í bóyá ohùn rẹ á wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní rárá o. Ó ní iná tó mọ́ kì í fi nǹkan kan kún ohùn, ohun tí kì í ṣe ohùn ló ń yọ kúrò. Ohun tó bá kù, òun lẹ ó gbọ́.

Ó tan án. Mo rò pé ó ti bà á jẹ́, nítorí kò sí nǹkankan, kò sí ùùùn, àfi wẹ́dà níta. Ó ní kí n tẹ ohùn rẹ. Mo sọ òfin mi fún un, ó ní ohùn inú kọ̀ǹpútà kì í gbó, Bàbá, ẹ gbọ́ ọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́ nínú mọ́kànlá tí o ti fi ránṣẹ́. O kí wa. Ó dà bíi pé o wà ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ fèrèsé. Ìyá rẹ dá ọ lóhùn, ó yí padà wò mí, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti ọdún tí a fẹ́ ara wa. Èkejì mọ́, ìkẹta mọ́, títí dé ìkeje. Mo ti ń sọ fún ìyá rẹ pé ṣé o rí i, iná ni, mo sọ fún ọ.

Nínú ìkẹjọ, o ń sọ ti ọ̀gá rẹ tuntun lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín ọ̀rọ̀, o dákẹ́. O gbé ẹnu kúrò nídìí ẹ̀rọ, o fi ọwọ́ bò ó, o wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O padà, o ní eruku ni. Nínú ìkẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Nínú ìkẹwàá, o kò lè parí gbólóhùn kan kí o tó mí, a sì gbọ́ ìmí náà bó ṣe ń wọlé, tó ń súfèé. Ìkọkànlá ni èyí tí o ti ní ara rẹ le.

Àbúrò mi ṣí fìlà. Mo wo Ọ̀gá Wáyà bóyá ohun kan ṣì kù tó lè tún so. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, Bàbá, ìyẹn ò sí nínú iná o.

Oṣù méjì ni mo fi ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ iná. Iná náà ló sì bò ó mọ́ wa lójú. N kò bínú sí ọ. Mo mọ̀ pé nítorí ẹ̀rù mi ni o ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu, o sì mọ̀ pé bí o bá sọ fún mi, n kò ní lè jókòó. Ṣùgbọ́n n kò jókòó náà ní gbogbo ìgbà yìí, ọmọ mi. Wáyà ni mo ń nù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìsí i. O ti ṣèlérí owó bátìrì ńlá fún iná ilé, mo sì ti ń rò pé a ó fi ra asẹ́ iná tiwa pẹ̀lú. Má fi ránṣẹ́. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o sì jẹ́ kó parí gbogbo gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ ni owó ọkọ̀ ìyá rẹ, àlọ nìkan. Ti àbọ̀, a ó sọ ọ́ nígbà tó bá ti gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ tó sì gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó sì ti dá aṣọ ẹni tó sanra yẹn padà fún un láìbá a jà.

Kí èémí rẹ máa wọlé kó sì máa jáde bí ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀. Kí ọ̀sán dára fún ọ, kí òru rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí Ọlọ́run tó dá ọ padà fún wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta má sọ pé ó tó.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, gba ohùn sílẹ̀ fún mi bí o ti máa ń ṣe. Bí ikọ́ bá dé láàárín ọ̀rọ̀, má gbé ẹnu kúrò, má sì fi ọwọ́ bò ó. Wú u síbẹ̀. Èmi yóò jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.